Ta ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀?

Òjò, iná ò sí, mi ò sì rí búbà mi gbà. Ẹ ti mọ bí télọ̀ mi ṣe máa ń ṣe. Kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ló wá gba aṣọ ẹ̀, ó fún ìyá télọ̀ mi ní káàdì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ wọn tọ́ka sí orúkọ tó wà níbẹ̀, Olúgbàyí, wọ́n ní "Èṣùgbàyí lèmi mọ bàbá ẹ sí o." Ó ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀ mà, àwọn ò lè máa jẹ́ orúkọ Sàtánì. Ìyá ò bá a jà. Wọ́n kàn ní, "Ta ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ fún yín?" wọ́n sì padà sídìí maṣíìnì.

Mo mọ ẹni tó kọ ọ́ síwèé fún wa, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì ni, odindi ẹ̀ jáde ní 1884. Ẹ ṣí Mátíù orí 4. Ẹsẹ kìíní, Èṣù ló fẹ́ dán Jésù wò, kó tó di ẹsẹ ìkẹwàá Sàtánì ni Jésù ń pè é. Ẹni tó kà á láti kékeré bíi tèmi, ibo ló ti fẹ́ yà wọ́n?

Mo fẹ́ bínú sí Àjàyí, kò ṣeé ṣe. Ọmọ Òṣogùn ni, ó ti tó bí ọmọ ọdún 13 kí wọ́n tó kó o lẹ́rú ní 1821, ó mọ ẹni tó ń jẹ́ Èṣù nílé wọn, ó mọ̀ pé òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Àmọ́ tí kò bá lo ọ̀rọ̀ tá a mọ̀, ta ni ì bá gbọ́? Ọ̀rọ̀ náà "àlùfáà" tó mú lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí, ẹnì kan ò bá a jà lórí ẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé Èṣù kì í ṣe Sàtánì náà, ìdí ọ̀rọ̀ Àjàyí yẹn kan náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀... mi ò mọ̀.

Ọba Èkó tí Òyìnbó rọ̀ lóyè ní 1925, Èṣùgbàyí ló ń jẹ́. Ọba o!

Lálẹ́ yìí àbúrò mi fọ́ gíláàsì nínú òkùnkùn, kí n tó mọ̀ mo ti ní "iṣẹ́ Èṣù rèé." Mo kàn dákẹ́ síbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Lọ́la tí mo bá lọ gba búbà, mo fẹ́ bi ìyá bóyá àwọn náà máa ń sọ ọ́.