Scratch disk kún mọ́ mi lọ́wọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àyè orí kọ̀ǹpútà

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá le jù níbì kan, ẹ fojú fò ó. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi Photoshop, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, jẹun lẹ ti rí ìkìlọ̀ tó máa ń sọ pé scratch disk, àyè orí díìsìkì tí Photoshop ń yá lò, ti kún. Ẹni tí kò bá tíì rí i, iṣẹ́ ńlá ni kò tíì dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwòrán ojú obìnrin kan ni wọ́n gbé fún mi pé kí n tún ṣe fún pátákó ìpolówó. Mẹ́gápíksẹ́lì 24 ni, ìyẹn píksẹ́lì 6000 níbùú, 4000 lóròó. Bit 16, èyí tí ìpele àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti bit 8 lọ, ni mo fi ṣí i, torí pé àwọ̀ búlúù tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ ló wà lẹ́yìn obìnrin náà. Bit 8 kò ní ju ìpele 256 lọ fún channel kọ̀ọ̀kan (pupa, àwọ̀ ewé, búlúù). Tí ẹ bá fa Curves, irinṣẹ́ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán padà, lórí irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà-ìlà ni yóò yọ. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: báìtì mẹ́fà ni píksẹ́lì kan ń jẹ ní RGB bit 16, mílíọ̀nù píksẹ́lì 24 á sì jẹ 144 MB. Layer kan ṣoṣo nìyẹn o, ẹyọ kan lára àwọn abala àwòrán tí a ń tò léra wọn. Ẹ fi ti awọ ara kún un, ẹ fi ti aṣọ kún un, kí ẹ wá rántí History, tó ń tọ́jú ìgbésẹ̀ 50 sẹ́yìn tí ẹ kò bá yí iye rẹ̀ padà. Filter tó bá kan àwòrán látòkè délẹ̀, àyè tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń gbà nínú History fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi layer. Èyí tí RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kò bá gbà mọ́, orí díìsìkì ni Photoshop ń kó o sí. Ibẹ̀ ni scratch disk.

Irun ló gbà mí lásìkò jù. Irun tíntìntín tó yapa kúrò lára ìyókù, tó wá bọ́ sórí ọrùn aṣọ funfun, ẹ̀yin náà ẹ mọ irú ẹ̀. Mo sún àwòrán mọ́ra dé 200%, mo mú búrọ́ṣì píksẹ́lì méjì, mo ń pa èyí tí kò wúlò rẹ́, mo sì ń fa irun tuntun sí gbogbo ibi tí Healing Brush, búrọ́ṣì tó ń pa àbùkù rẹ́, ti sọ etí irun di bí òwú. Ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí. Mo ń save o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kì í save. Ṣùgbọ́n save ẹyọ kan ti ń gba àsìkò tó pọ̀ nígbà yẹn, torí náà, ìparí apá kọ̀ọ̀kan ni mo fi í sí. Bí mo ṣe parí apá òsì, mo tẹ Ctrl+S. Ìlà tó ń fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ rìn dé ìdajì, ó dúró, ìkìlọ̀ yọ. Mo tẹ OK, mo tún tẹ Ctrl+S. Ìkìlọ̀ kan náà. Mo ki díìsìkì ìta bọ ara kọ̀ǹpútà, òfìfo gbáà ni, mo lo Save As pé kó gbé e síbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà!

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyí: ibi tí ẹ fẹ́ save sí lè ṣófo bí pápá, tí scratch disk bá ti kún, Photoshop kò rí ibi tí yóò ti to fáìlì náà pọ̀. Mo lọ sí Preferences pé kí n gbé scratch disk lọ sórí díìsìkì ìta yẹn, àmọ́ ìyípadà yẹn kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá pa Photoshop kí ẹ tún un ṣí. Kí n pa á kẹ̀? Kí irun tí mo fi odindi ọ̀sán fà bá a lọ? Òótọ́ ni pé Photoshop ń tọ́jú ẹ̀dà fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá tí ẹ kò bá yí i, ṣùgbọ́n orí díìsìkì lòun náà ń kọ ọ́ sí, n kò sì lè fi irun yẹn ta tẹ́tẹ́. Mo kàn jókòó, mo gbọ́wọ́ lé máòsì, ọwọ́ ń gbọ̀n. Oníbàárà sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ léraléra: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé iṣẹ́ wa ti ń jáde?”

Ẹ gbọ́ ẹni tó kún díìsìkì mi. Oníbàárà yìí kan náà ni. A jọ ní fódà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pààrọ̀ fáìlì. Ó kó àwọn fídíò ńláńlá sínú rẹ̀, fídíò tí kò kàn mí rárá, wọ́n sì ń wọlé sórí C mi, díìsìkì tí scratch disk wà, lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń fa irun. Ẹni tó ń kán mi lójú ló tún jókòó dí mi lọ́nà!

Mo dá fódà náà dúró kó má gbà mọ́, mo ní kí àwọn fídíò náà máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan, mo da ohun tó wà nínú Recycle Bin nù, mo tẹ Ctrl+S. Ó gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lẹ máa mú níbí, ẹ mú èyí: ẹ máa wo iye àyè tó kù lórí díìsìkì. Ẹ wò ó kí ẹ tó ṣí fáìlì, ẹ tún wò ó láàárín iṣẹ́, torí pé àyè tèmi pọ̀ dáadáa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ jáde nínú Photoshop kí ẹ tó mọ̀ pé nǹkan ń fún. Nísàlẹ̀ àwòrán lápá òsì, ọfà kékeré kan wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Efficiency. Tó bá wà ní 100%, inú RAM ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tó bá ti ń wálẹ̀, díìsìkì ló ti ń jẹ nìyẹn. Scratch Sizes tó wà nínú àkójọ kan náà ń sọ ohun kan náà: tí nọ́ńbà òsì bá ti ju ti ọ̀tún lọ, ẹ ti bọ́ sórí díìsìkì.

Tí ìkìlọ̀ bá yọ, ẹ má pa Photoshop. Mo tún un sọ, ẹ má pa á. Kò tíì kú, àyè ló ń wá. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lọ wá àyè níbòmíràn lórí díìsìkì náà. Fáìlì tí ẹ jù sínú Recycle Bin ṣì ń jẹ àyè títí ẹ ó fi dà á nù. Ti fódà tí ẹ jọ ń lò pẹ̀lú oníbàárà, ẹ má ṣe pa fáìlì inú rẹ̀ rẹ́ o, torí yóò parẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn náà, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Tí gbogbo èyí kò bá tó, ẹ lọ sí Edit, Purge, Histories. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ti ṣe é, kò sí pé ẹ fẹ́ padà sí ìgbésẹ̀ àtẹ̀yìnwá mọ́.

Àwọn kan á ní kí n lọ ra RAM sí i. Mo gbọ́. RAM dára, n kò bá a jà, Photoshop á sì máa lo 70% èyí tó wà ńlẹ̀ fún un tí ẹ kò bá yí i. Àmọ́ fáìlì tiwa yìí a máa dàgbà ju RAM lọ, ibi tó ń sá lọ náà sì ni díìsìkì. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ ni pé tí kọ̀ǹpútà yín bá ní SSD (díìsìkì tó yára) kejì nínú, ibẹ̀ ni kí ẹ fi scratch disk sí, kí C lè mí. Flash kékeré kò tó bẹ́ẹ̀, ó ti falẹ̀ jù. Bí díìsìkì bá kún débi pé Photoshop kọ̀ láti ṣí, ẹ di Ctrl àti Alt mú bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, yóò bi yín ibi tí ẹ fẹ́ fi scratch disk sí.

Bí a ṣe ń to layer náà ń kún díìsìkì. Tí mo bá fẹ́ pa ìrorẹ́ rẹ́, mi ò fi Ctrl+J da odindi àwòrán kọ mọ́. Layer òfìfo ni mo ń ṣí, mo fi Sample sí Current & Below (kó máa wo layer yìí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀), ibi tí búrọ́ṣì mi bá kàn nìkan ló ń wúwo. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ojú, Curves méjì pẹ̀lú mask (ohun tó ń pinnu ibi tí Curves yóò ti hàn) tó. Frequency separation, ọ̀nà tí a fi ń ya ìrísí ojú awọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ rẹ̀, ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi layer méjì, 288 MB kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi náà ń lò ó, ẹ má bínú sí mi. Mo kàn ń sọ ohun tó ń jẹ ni.

PSD, irú fáìlì tí Photoshop ń save sí, kì í kọjá 2 GB. Tí tiyín bá ti ń súnmọ́ ọn, ẹ mú PSB, èyí tó ń gba fáìlì ńlá, nínú Save As. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi flash gbé e lọ fún àwọn atẹ̀wé, flash tó bá jẹ́ FAT32 (ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń to fáìlì sórí díìsìkì) kò ní gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4 GB, bó ti wù kó ṣófo tó. Ẹ format rẹ̀ sí exFAT, ṣùgbọ́n ẹ kó ohun inú rẹ̀ kúrò ná.