Ilé Méjì Tí Mo Rí Ní Ripley, Létí Odò Ohio

Ìlú kékeré ni Ripley, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọdún 1812 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí etí odò, Staunton ni wọ́n sì ń pè é kí wọ́n tó sọ ọ́ di Ripley lọ́dún 1816. Bí ènìyàn bá dúró ní Front Street, níbi tí àwọn ilé alábíríkì àtijọ́ ti kọjú sí omi, yóò rí ìpínlẹ̀ Kentucky kedere ní òdìkejì. Ìtòsí yìí ló dá mi dúró, nítorí pé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oko ẹrú ni òdìkejì, òfin Ohio kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ẹrú.

Orí òkè ni àwọn àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, sí ilé tí John Rankin, àlùfáà ìjọ Presbyterian, kọ́ láàárín àwọn ọdún 1820. Ilé náà kéré gan-an fún ẹni tó bí ọmọ mẹ́tàlá, síbẹ̀ òun àti ìdílé rẹ̀ tún ń gba àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú sínú rẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n sì ń sìn wọ́n sọ́nà lọ sí ìhà àríwá. Lọ́dún 1838, obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sọdá lórí yìnyín odò náà, nígbà tí yìnyín ọ̀hún ti ń fọ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàyè. Mo gun àtẹ̀gùn gígùn tó ti ìsàlẹ̀ lọ sí ilé náà ní ọ̀sán gangan, láìgbé ẹrù kankan, mo sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Báwo ni ti ẹni tó gbé ọmọ lóru òtútù?

Ní tèmi, ilé ìsàlẹ̀ ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Ilé John P. Parker ni. Wọ́n bí i sóko ẹrú ní Norfolk, ní Virginia, lọ́dún 1827, wọ́n tà á nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó sì kọ́ iṣẹ́ irin yíyọ́ ní Mobile, ní Alabama, níbi tó ti fi 1,800 dọ́là ra ara rẹ̀ padà lọ́dún 1845. Ó wá sí Ripley, ó dá ilé iṣẹ́ irin tirẹ̀ sílẹ̀, ìjọba sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ewé tábà. Iṣẹ́ ọ̀sán nìyẹn. Lóru, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò sọdá sínú Kentucky tí wọ́n ti lè pa á, yóò sì kó àwọn ẹlòmíràn wá.

Ó ń kọ àkọsílẹ̀ àwọn tó kó sọdá sínú ìwé kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ṣòfin lọ́dún 1850 pé ẹni tó bá ran ẹrú tó sá lọ́wọ́ yóò san ìtanràn, yóò sì ṣẹ̀wọ̀n, ó mú ìwé náà, ó jù ú sínú iná ìléru rẹ̀, kò sì dẹ́kun sísọdá. Mo fọwọ́ kan bíríkì ògiri ilé rẹ̀, mo sì yíjú padà: omi nìkan ló kù níwájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni Kentucky.