Ọ̀bọ̀ǹbọ̀n tó di agbọ́n lójú ẹyẹ

Nínú gbogbo kòkòrò tí mo máa ń ya fọ́tò wọn, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó Necydalis. Agbọ́n ni ojú á kọ́kọ́ pè é: ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ara gbọọrọ, ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀bọ̀ǹbọ̀n ni, ará ìdílé oníwo gígùn, Cerambycidae, tí ẹ̀yà wọn lé ní 30,000 káàkiri ayé.

Èèpo líle méjì ni ọ̀bọ̀ǹbọ̀n fi ń bo ẹ̀yìn. Abẹ́ rẹ̀ ló ń ká ìyẹ́ tó fi ń fò sí. Tó bá fẹ́ gbéra, á ṣí èèpo, á tú ìyẹ́ síta. Èèpo Necydalis kúrú débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá èjìká. Ìyẹ́ rẹ̀ kò ríbi sá sí mọ́, gbangba ló wà lórí ikùn bíi ti agbọ́n.

Ohun tó ń wú mi lórí nìyí. Clytus arietis, oníwo gígùn mìíràn, náà ń ṣe bí agbọ́n, àmọ́ ìlà yẹ́lò lára dúdú ló fi ń ṣe é, èèpo rẹ̀ ṣì bo ara dáadáa. Necydalis ní tirẹ̀ bọ́ apata sílẹ̀. Ìyẹ́ tó lè ya àti ikùn tó rọ̀ ló gbé síta, kí ẹyẹ lè bẹ̀rù oró tí kò ní. Tí èèyàn bá dì í mú, á tún máa ká ikùn bí ẹni tó fẹ́ tani! Èmi ò mọ àfarawé tó náni tó yẹn.

Henry Walter Bates, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní ẹkùn Amazon láti 1848 sí 1859, ló ṣàlàyé lọ́dún 1862 bí kòkòrò tí kò léwu ṣe ń jàǹfààní nínú jíjọ èyí tí ẹyẹ ń sá fún. Labalábá ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Àmọ́ àwọn oníwo gígùn eléèpo kúkúrú wà níbẹ̀ náà, Rhinotragini, tí púpọ̀ nínú wọn jọ agbọ́n tàbí oyin. Hesthesis ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọsirélíà, bẹ́ẹ̀ náà ni Ulochaetes leoninus, onírun bí oyin ńlá, ní ìwọ̀-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Nínú wọn, Ulochaetes nìkan ló bá Necydalis tan tímọ́tímọ́. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni àwọn yòókù gbà dé ibi èèpo kúkúrú.

Inú igi tó ti kú ni ìdin Necydalis ń gbé, nítorí náà ìdí kùkùté àtijọ́ ni kẹ́ ẹ ti wá a. Ẹ ya fọ́tò láti òkè, kí èjìká hàn kedere. Ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin ni agbọ́n ní. Méjì péré lẹ máa kà lára rẹ̀, pẹ̀lú èèpo kékeré méjì níwájú wọn.