Ẹ̀bi Ń Kiri Inú Ilé Wa

Ọjọ́bọ̀, Ẹ̀pẹ́

Títí di ìrọ̀lẹ́ àná, Ìyá Ìbejì aládùúgbò wa ló jẹ̀bi ikú ológbò wa. Nígbà tí ilẹ̀ òní mọ́, ẹ̀bi náà ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ti bọ́ sọ́rùn ọmọkùnrin tó ń kiri oògùn eku. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti padà wá sílé wa, ó ti bà lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Màámi ló gbé e kà á lórí. Wọn ò pariwo o. Wọ́n ń yí ẹja lórí àgbá, wọn ò wojú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ní: "Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ológbò lọ́jọ́ yẹn mọ ara rẹ̀." Ọmọ náà ń to igi ìdáná lẹ́yìn wọn. Kò fèsì. Nígbà tó to igi náà tán, ó tú u palẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Àníkẹ́ lorúkọ ológbò náà. Funfun ni, etí rẹ̀ kan dúdú. A kò mú un wálé fún eré. Ẹni tó bá ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́ yìí á mọ ìdí tí a fi mú un wá. Ìlú tó jẹ́ pé ère ẹja ló ń kí àlejò káàbọ̀ ní ráńdábàọ̀tù, èkúté ibẹ̀ náà kì í fi ẹja ṣeré. Gbé apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ yíyan kan sílé di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti jẹ ojú, wọ́n á ti jẹ ìrù, wọ́n á sì ti tọ̀ sí èyí tí wọn ò jẹ. Oníbàárà tó ti Èkó wá sí ọjà Olúwo á gbé ẹja náà símú lẹ́ẹ̀kan, á dá a padà sórí àtẹ, kò ní í sọ ìdí. Nígbà tí Àníkẹ́ dé, gbogbo ìyẹn dópin. Á sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí ẹja wà látàárọ̀. Tó bá di ọwọ́ Àlàásárì tí oòrùn ti rọ̀, á wá dúró sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, á máa ké. Ẹni tó bá wà nítòsí á ṣí i fún un. Èmi ń ṣí i, Màámi ń ṣí i, káfíńtà tó wá tún àga ṣe lọ́jọ́ kan pàápàá bá wa ṣí i. Nínú gbogbo ohun tó ń pa, asín nìkan ni kì í jẹ. Á tẹ́ ẹ síwájú ilẹ̀kùn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, a ó sì máa bú u.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó padà wálé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Mọ̀gàríbì. Itọ́ ń ṣe bàlàbàlà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń lọ sọ́tọ̀, ti iwájú ń lọ sọ́tọ̀. Ojú rẹ̀ ni mi ò tíì lè gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, dúdú inú ojú ológbò máa ń fẹ̀ ni, á fẹ̀ títí tó fi máa gba ibi tó pọ̀ jù nínú ojú náà. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sí, ẹ̀yinná abẹ́ àgbá nìkan ló ń mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Síbẹ̀, dúdú ojú Àníkẹ́ ti sún kì, ó ti tín-ín-rín bí òwú. Mo rí i, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó jẹ́.

"Epo! Ẹ fún un lépo!" Gbogbo ilé ló ń pariwo ẹ̀. Ẹnì kan ní omi àgbọn ló dára jù, ẹlòmíràn ní kí wọ́n já mílíìkì. Màámi ti gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n ti fi ìka ya ẹnu rẹ̀, wọ́n ti ń da epo pupa sí i lọ́fun. Ó húkọ́. Epo gba imú rẹ̀ jáde. Wọ́n tún da sí i. Kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì, Àníkẹ́ ti kú. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ la sin ín sí.

Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé òun ló gbé májèlé sẹ́yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó ti po ọ̀tápíápíá mọ́ gààrí àti èérún ẹja, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, nítorí pé èkúté gé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì jẹ níka ẹsẹ̀ lójú oorun. Ó fi ẹsẹ̀ ọmọ náà hàn mí. Mo wò ó, mo sì bi ara mi pé tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni wọ́n gé jẹ, ṣé ti ológbò aládùúgbò ni màá kọ́kọ́ rò? Ohun mìíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Àwọn èkúté tí Àníkẹ́ lé kúrò nílé wa, ibo la rò pé wọ́n gbà lọ? Fèrèsé Ìyá Ìbejì ní nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀, ológbò wa ò ráyè wọ ibẹ̀. Èkúté ní tirẹ̀ ò nílò fèrèsé.

Bàbá onílé tún wá dá kún un. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ológbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, pé awakọ̀ tó bá fi mọ́tò gbá ológbò, tó bá gbọ́n, á wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì ṣe sàárà. Obìnrin yẹn ò tíì sùn dáadáa látìgbà náà. Àkàrà ló fi ṣe sàárà, ó gbé e kárí, gbogbo wa sì jẹ ẹ́, títí kan Màámi tó ń bá a yan odì.

Ẹ̀bi tí wọ́n dá ọmọkùnrin olóògùn eku ni mo rò pé ó tọ́ díẹ̀. Ó ń kọjá lójú títì wa pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó so mọ́ kẹ̀kẹ́, ohùn tó ti gbà sílẹ̀ ló ń ké: oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun. Ike tó ń tà ò ní orúkọ, kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára rárá. Ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta dichlorvos inú ike kéékèèké lọ́jà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́, òun sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní ọ̀tápíápíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kiri kò sí lọ́jà, kò sì sí ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Iwájú ilé wa ló wà, àwa la sì ń pè é.

Ẹnì kan wà tí a jọ ka ìwé, tó ti di dókítà ẹran báyìí. Mo pè é lórí fóònù lánàá. Ó ní ohun tí mo ṣàlàyé yẹn, pàápàá ojú tó sún kì nínú òkùnkùn, irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń fà á. Nǹkan kan wà nínú ara tó máa ń sọ fún iṣan pé ó tó, sinmi. Oògùn yẹn ló ń dí i lọ́wọ́. Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára á wá máa ṣiṣẹ́ láìsinmi: itọ́, ìtọ̀, iṣan ẹsẹ̀, títí omi á fi kún ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní atropine ni wọ́n fi ń gbógun tì í, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè gún un. Ó ní oògùn eku mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ìyẹn máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn, ẹran á kàn máa rẹ̀ ni, èrìgì rẹ̀ á funfun. Kì í ṣe ìyẹn ló pa Àníkẹ́. Ó lè jẹ́ pé gààrí ẹlẹ́ja yẹn gan-an ló jẹ, ó sì lè jẹ́ eku tó ti jẹ ẹ́. Eku tó ti jẹ májèlé kì í lè sáré mọ́, òun ló yá ológbò lára láti mú.

Mo wá bi í nípa epo.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ẹran tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, pé ohun tí wọ́n bá dà sí i lẹ́nu lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, pé àwọn májèlé kan sì wà tí epo ń bá ṣe é láti wọ ara. Mo ní: "Ṣé epo ló pa á ni?" Ó ní: "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Májèlé ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á mọ́."

Èmi nìkan ni mo mọ èyí nínú ilé. Màámi tó jẹ́ pé orí àrọ̀ tó bá kọ́kọ́ jinná, ti Àníkẹ́ ni, ṣé àwọn ni màá wá sọ ọ́ fún? Kò sí ilé Yorùbá tí wọn ò ti mọ̀ pé epo ń pa oró. Ìyá wọn ló fi kọ́ wọn, ìyá ìyẹn náà ló fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣàkíyèsí nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí Àníkẹ́ ti kú, òróró ni Màámi fi ń se ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó jẹ́ pé epo ni à ń fi sè, òróró. Ẹ̀wà, òróró. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n, wọn ò sì ṣàlàyé. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ti wá. Ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń bà lẹ́rù ló ń wá ọwọ́ ẹlòmíràn tọ́ka sí, ọwọ́ tó kéré jù nílé ló sì rọrùn jù láti tọ́ka sí.

Mi ò bá ti jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ohun tí ọmọ náà bi mí nígbà tí mò ń di irun fún un lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní: "Àǹtí, ṣé iná ni màá wọ̀?" Ní ilé kéwú, wọ́n ti kọ́ wọn ní hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí ológbò. Ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀ ò ju ológbò, ikú àti iná lọ.

Mo ní kó tún un sọ fún mi. Kí ni obìnrin yẹn ṣe fún ológbò náà? Ó ní ó tì í mọ́lé. Mo ní kí ló tún ṣe? Ó ní kò fún un lóúnjẹ. Mo ní, ó kù kan. Ó rò ó títí. "Kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá nǹkan jẹ nílẹ̀." Mo ní ìwọ ńkọ́? Ó ní: "Mo ṣílẹ̀kùn." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tó ti le lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti ń di irun rẹ̀ dẹ̀. Mo tún sọ ti Abu Qatadah, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì, fún un, tí ológbò wá mu nínú omi àlùwàlá rẹ̀, tó tẹ ìkòkò náà sílẹ̀ kó lè mu dáadáa, tó ní Ànábì sọ pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, pé ara àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín yín ni. Tó ń lọ, tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń sin ológbò nínú fúláàtì, tí wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kì í jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òde. Dókítà ẹran náà sọ pé èyí tó ń gbé inú ilé máa ń pẹ́ láyé ju èyí tó ń jáde lọ, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹ̀yìnkùlé wa, kí ẹ sọ ibi tí a fẹ́ ti ológbò mọ́ fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo lọ bá Màámi nídìí àgbá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Gbogbo wa la máa ń ṣí i." Wọ́n yí ẹja kan, wọ́n yí ìkejì. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní: "Epo yẹn ńkọ́?"

Mo ní: "Májèlé ló pa á, Màámi. Dókítà ẹran ní májèlé ni."

"Mo gbọ́," wọ́n wí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. Tí wọ́n bá bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mi ò ní í purọ́ fún wọn. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n má bi mí.

Màámi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé rí láyé wọn, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń di ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní kó tètè lọ sùn, pé òun ni yóò bá àwọn gbé igbá lọ sí Olúwo ní ìdájí ọ̀la. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba họlidé ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrìn yẹn. Ó sáré wá bá mi, ó ní ṣé wọ́n máa ra búrẹ́dì ẹlẹ́yin fún òun lọ́jà. Mo ní kó lọ bi wọ́n fúnra rẹ̀. Ó ti lọ.