Orin Kọ̀ǹpútà: Ìgbékalẹ̀ Ló Ń Sọ Orin Di Tìẹ

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ohùn tuntun nìkan kì í sọ orin di tuntun. Ohùn tí o rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rà á. Bí orin ṣe ń yí padà látìbẹ̀rẹ̀ dópin ni kí o ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ní 1965, ní San Francisco, Steve Reich, olórin ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ téèpù méjì lu ọ̀rọ̀ oníwàásù kan léraléra. Ọ̀kan ń yà kúrò lára èkejì díẹ̀díẹ̀, ìyapa yẹn ló sì bí orin rẹ̀, It's Gonna Rain.

Gbìyànjú rẹ̀. Gba "Ẹ kú ọjà o" sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó lóhùn. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ pé sínú gbólóhùn náà, nítorí náà orin ti wà níbẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Gé e, tòun ti ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, sí mílísẹ́kọ́ǹdù 2000. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o gé mílísẹ́kọ́ǹdù 20 kúrò nínú ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀dà náà. Jẹ́ kí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o tún àkọ́kọ́ ṣe nígbà 99, ẹ̀dà nígbà 100: wọn óò tún pàdé ní ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 18.

Níbẹ̀rẹ̀, ohùn kàn ń nípọn ni. Láàárín àáyá mélòó kan ó di gbohùngbohùn, lẹ́yìn náà "kú" ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìlù tí ẹnikẹ́ni ò lù sì dé. Ní àáyá 99, ẹ̀dà ti fi àáyá kan gbáko ṣíwájú. Bí gbólóhùn náà kò bá ju àáyá kan lọ, ohùn méjèèjì di lílé àti ègbè. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù.

Pa snap, ìyẹn ohun tó máa ń fa ohùn sórí ìlà àkókò inú kọ̀ǹpútà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìyapa náà lè má wáyé. Má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún ohùn pọ̀ dípò kí ó gé e. Fi fade (gbígbé ohùn sókè tàbí rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) mílísẹ́kọ́ǹdù 5 sí etí méjèèjì, torí ibi tí a gé máa ń ta "tá". Gbé ọ̀kan sápá òsì, èkejì sápá ọ̀tún. Bí wọ́n bá wà lójú kan náà, wọ́n á máa pa ara wọn lóhùn, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Má fi ìlù kún un: ìlù tó dúró sójú kan á gba etí olùgbọ́ kúrò lára ìyapa.

Lẹ́yìn ìdajì, ọ̀nà tí wọ́n bá lọ ni wọ́n ń bá bọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń dá ẹ̀dà dúró, kí n fi gbólóhùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.