"Níbo Ni Wọ́n Kọ Ọ́ Sí, Tíṣà?"

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé tíṣà tó mọṣẹ́ ni tíṣà tí kì í ṣàìní ìdáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí nǹkan kan fi ṣẹlẹ̀ nínú Bíbélì, mo ti máa ń dáhùn kó tó pa ẹnu dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, bóyá nínú ìjọ ni o, bóyá pẹ̀lú àwọn ọmọ yín nílé, bóyá ẹ kàn ń fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sáwọn èèyàn lórí WhatsApp láàárọ̀.

Ìtàn Hánà ni a kà lọ́jọ́ náà, 1 Sámúẹ́lì orí 1. Arákùnrin kan béèrè pé, "Kí ni Hánà ṣe tí Ọlọ́run fi sé e nínú?" Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí Ọlọ́run fẹ́ fọ̀ mọ́ kó tó fún un lọ́mọ. Bóyá ìbínú sí Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ ni, bóyá ìgbéraga, torí òun ni ọkọ fẹ́ràn jù. Mo tún fi kan ayé tiwa: bí Ọlọ́run bá ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọ, yẹ inú ara rẹ wò, nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe "Àmín". Mo rí àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá kan wà ní kíláàsì wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Bíbélì Yorùbá wọn ti gbó débi pé rọ́bà ni wọ́n fi ń dè é kí ewé rẹ̀ má bàa já bọ́. Bàbá na ọwọ́. "Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí, tíṣà?"

Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi dáadáa ni. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè.

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. "Ẹsẹ wo ni kí n ṣí?"

Kò sí ẹsẹ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé OLÚWA ti sé e nínú. A kò kọ ìdí rẹ̀. Mo fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà síbòmíràn, a ṣe oore-ọ̀fẹ́, a túká.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Àmọ́ sístà kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà ní Ọjà Ọba. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nílé ọkọ nìyẹn, kò sì tíì bímọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ń pè é ní Ìyá Ìbejì, àdúrà ni wọ́n fi ń ṣe fún un. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ìyàwó mi sọ fún mi pé láti ọjọ́ yẹn ni sístà náà ti ń gbààwẹ̀, tó sì ń bẹ èèyàn kiri. Ó lọ bẹ orogún ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ sí i nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó wọ mọ́tò lọ sí Òǹdó, ó lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ọ̀hún kò rántí pé ó ṣẹ òun rí. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ní ó wà níbẹ̀ ló ń wá. Ó ti rù.

N kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹrù tí Ọlọ́run kò dì ni mo gbé ru obìnrin yìí, tí mo sì ní Ọlọ́run ló ni ín.

Lóru yẹn ni mo ka Bíbélì bí ẹni tó ń wá owó tó sọ nù. Mo dé Lúùkù orí 1. Ẹsẹ 6 sọ pé olódodo ni Sakaráyà àti Èlísábẹ́tì níwájú Ọlọ́run, àwọn méjèèjì, tí wọ́n ń rìn nínú òfin Olúwa láìlẹ́gàn. Ẹsẹ 7 tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: wọn kò ní ọmọ, torí pé Èlísábẹ́tì yàgàn. N kò ní sọ ìdí tí Lúùkù fi tò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe tò ó nìyẹn. Ọdọọdún, bí Kérésì bá ti ń bọ̀, ni mo ń kọ́ni ní orí yìí! Mo tún ṣí Jòhánù orí 9, níbi táwọn ọmọ ẹ̀yìn ti béèrè ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí ọkùnrin kan fi di ẹni tí a bí ní afọ́jú, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tiẹ̀ béèrè ni o. Èmi kò béèrè, mo ti dá ẹjọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, mo ń fi ìbéèrè Bàbá yẹ̀ wọ́n wò. Amòye mẹ́ta, ọba ni wọ́n: Mátíù kò sọ iye wọn, kò sì pè wọ́n lọ́ba, ẹ̀bùn ló dárúkọ mẹ́ta, wúrà, tùràrí àti òjíá. Màríà Magidaléénì aṣẹ́wó: ohun tí Lúùkù 8:2 sọ ni pé ẹ̀mí èṣù méje jáde lára rẹ̀. Èso ápù ní Édẹ́nì: èso ni, a kò sọ irú rẹ̀. Ẹ lè ní kí ló burú nínú adé tí a ń dé fáwọn ọmọdé nínú eré Kérésì. Adé yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n etí tí àfikún kékeré ti mọ́ lára kì í ta nígbà tí ńlá bá dé. Ọdún 2011, Harold Camping, oníwàásù rédíò ní Amẹ́ríkà, fi ìṣirò mú ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún pé Jésù yóò wá kó àwọn tirẹ̀ lọ. Àwọn kan ná owó tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn kó jọ láti polongo rẹ̀. Mátíù 24:36, tó ní kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí náà, sì wà nínú Bíbélì gbogbo wọn.

Àwọn Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ti gbọ́ tí oníwàásù fi òwe yìí ti àfikún lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba iṣẹ́ lẹ́nu Déjì, ọba Àkúrẹ́, tí yóò fi tirẹ̀ kún un kó tó dé ilé ìjòyè? Iṣẹ́ ọba kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú.

N kò ní kí ẹ má ronú o. Mátíù 8:14 ní ìyá ìyàwó Pétérù dùbúlẹ̀ àìsàn ibà. Ẹni tó bá ní Pétérù gbé ìyàwó kò fi nǹkan kan kún un. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà bí fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí a lọ gbé wá fún un láti ibòmíràn. Nísinsìnyí, mo máa ń kọ ẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Èyí tí kò bá ní ẹsẹ, mo máa ń sọ ọ́ síta pé èrò tèmi nìyí. Bó bá sì kan ìyà tó ń jẹ ẹnì kan, n kì í sọ ọ́ rárá. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí a kò kọ, mo máa ń ní, "Bíbélì kò sọ fún wa." Ó nira fún mi níbẹ̀rẹ̀. Diutarónómì 29:29 ló tù mí nínú: ti OLÚWA ni ohun ìkọ̀kọ̀.

Bí wọ́n bá sì bi yín ní ìbéèrè Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn ará Bèróà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò nínú Ìwé Mímọ́ lójoojúmọ́, Ìṣe 17:11 sì yìn wọ́n. Láti 1884 tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe é ti mú odidi Bíbélì wọ èdè wa, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè yẹ tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wò.

Gbangba ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ Hánà, gbangba náà ni mo ti kó o jẹ lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé òru tí mo ka Lúùkù yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́kọ́ lọ bá sístà náà ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ohun tí mo sọ fún yín kò sí nínú ìwé." Mo ka Lúùkù 1:6 àti 7 sí i létí láàárín ariwo ọjà. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?" Ó gba Bíbélì náà lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀lùbọ́ ọwọ́ rẹ̀ fi àmì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ 6. N kò nù ún kúrò.