Mi ò ní pa pin.txt rẹ́

Ọ̀gá kan tí wọ́n wá yẹ sáfà ilé-ìwé wa wò ní kí n pa pin.txt, fáìlì tí a kọ pásíwọ́ọ̀dù sáfà náà sí, rẹ́. Wọ́n ní a kì í kọ pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, níbi tí iná kì í lọ. Ìgbógbò la wà o, lápá Ìkòròdú. Bí iná bá lọ lóru, tí bátìrì ínfátà sì tán, sáfà á kú. Nígbà tí iná bá dé, á tún dìde fúnra rẹ̀. 389 Directory Server tí à ń lò yìí, ètò tó ń tọ́jú orúkọ àwọn èèyàn wa, kò lè ṣí ibi tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ wà láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Bí kò bá rí i nínú pin.txt, á ní kí èèyàn wá tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa sùn ti sáfà?” Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ẹ wo ohun tó wà nínú fódà sáfà náà lábẹ́ /etc/dirsrv. Sátífíkéètì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí sáfà fi ń sọ ẹni tó jẹ́, wà nínú cert9.db, kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ wà nínú key4.db. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, cert8.db àti key3.db lẹ máa bá. Sátífíkéètì kì í ṣe àṣírí rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá kàn sí port 636, ẹnu ọ̀nà tó ní ààbò lára sáfà, ni sáfà ń fi í hàn. key4.db ni ká máa ṣọ́. Síbẹ̀, mo mọ àwọn tó ń tọ́jú sátífíkéètì bí ẹyin, tí wọ́n á sì fi key4.db ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp!

pin.txt tèmi, dirsrv, orúkọ tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, ló ni ín, chmod 400 ló wà lórí rẹ̀: ẹni tó ni ín nìkan ló lè kà á. Ẹni tó bá di root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, á rí i, mi ò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà key4.db fi wà nínú àpótí irin bọ́sà, tí pásíwọ́ọ̀dù sì wà níbòmíràn. Ẹ má rò pé LDIF, fáìlì àkọsílẹ̀ tí ẹ ń kó jáde láti inú sáfà, ti tó: orúkọ àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, kò sí kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá sì fi certutil -W (certutil ni irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́jú sátífíkéètì àti kọ́kọ́rọ́) yí pásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ yí ti pin.txt náà padà lójú ẹsẹ̀. Sáfà tó ti wà lójú iṣẹ́ kò ní ké. Ó di ìgbà tí iná bá lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fẹ́ pa cert9.db àti key4.db rẹ́ kó tún wọn ṣe, nígbà tí à ń dúró de sátífíkéètì tuntun. Mo ní, “Dúró ná!” Ìbéèrè fún sátífíkéètì tí certutil -R ṣe nìkan ló jáde lọ, inú key4.db ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jókòó sí. Bó bá pa key4.db rẹ́, sátífíkéètì tó bá padà wá kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ tẹ certutil -L: bí ẹ bá rí u,u,u níwájú Server-Cert, orúkọ sátífíkéètì sáfà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ńlé. Bí kò bá sí u níbẹ̀, ẹ má tíì tún sáfà tàn.

Nǹkan mìíràn tí iná ń fà nìyí: bí bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 inú ẹ̀rọ bá ti kú, aago á padà sẹ́yìn, sátífíkéètì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wá di èyí tí àkókò rẹ̀ ò tíì tó. Ẹ kọ́kọ́ tẹ date. Bó bá ní ọdún 2010 la wà, bátìrì lẹ máa rà, kì í ṣe sátífíkéètì.